Àádọ́rin Ọkùnrin Ilé Wa

Ogójì ọkùnrin ló wà nílé wa ní Bẹyẹrúnká n'Íbàdàn lọ́dún tí òyìnbó kọ́kọ́ gbé owó orí dé. Ó dá mi lójú. Ìyàwó ilé ní í kúnlẹ̀ kí gbogbo ọkọ ilé láràárọ̀, orúnkún mi sì mọ iye wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, àádọ́rin ni wọ́n. Ọgbọ̀n tó lé yẹn, kò sẹ́ni tó rí wọn rí. Wọn kì í jẹun, wọn kì í fẹ́yàwó, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ààlà oko. Owó orí nìkan ni wọ́n wá san láyé, àwa la sì ń bá wọn san án.

Ẹ má retí pé kí n dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, mo sì ti dàgbà jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àfojúdi. Olórí ilé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, Bàbá là ń pè é. Ẹni tó lówó jù nílé, mo sọ ọ́ ní Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì, nítorí pé òun nìkan ló kọ́lé alájà méjì tó fi pàànù bò ó, nígbà tí koríko ṣì ń jo omi lé àwa yòókù lórí. Kòkó ló sọ ọ́ dolówó, kòkó àti aṣọ òyìnbó tó ń tà ní Ògùnpa. Ilẹ̀ tó gbin kòkó ọ̀hún sí, ilẹ̀ ẹbí ni, ti gbogbo wa. Òun ló kàn tètè rántí pé igi kòkó kì í kúrò nílẹ̀ bí iṣu.

Ọkọ mi ń hun òfì, èmi ni mo ń rẹ òwú rẹ̀ ní aró. Ìdí òfì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò aró mi wà lẹ́yìn ilé, a sì ń pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀ láàárín. Àyà rẹ̀ kò le láti kékeré, òtútù díẹ̀ ló máa ń di ikọ́ sí i lára. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọlé ni ìyá rẹ̀ ti pè mí sí kọ̀rọ̀ tó ní, "Ìyàwó mi, ohun gbogbo ni kí o fi dán ọmọ mi wò, má fi òjò dán an wò." Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í sídìí òfì, tí wọn kò jẹ́ kó lọ sóko. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, àdúrà kan náà ni mò ń gbà: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí nǹkan kan lé ọkọ mi kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ sínú òjò.

Kò sì sí ohun tó lé e lọ bí kò ṣe ìgbéraga Bàbá.

Láyé ogun, bí wọ́n bá fẹ́ jáde, olórí ogun á bi baálé kọ̀ọ̀kan pé ọkùnrin mélòó ló máa kó wá. Ẹni tó bá kó èèyàn tó pọ̀ wá loyè ń kàn. Ogun ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Bàbá. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé ìjọba gbé ìwé gàgàrà dé àdúgbò wa pẹ̀lú akódà méjì, tó ń ka àwọn ọkùnrin ilé dé ilé, Bàbá wọlé lọ gbé agbádá wọ̀. Ó jókòó sójúde, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ọkùnrin mélòó ló wà nílé yín?"

"Àwọn ará ilé ọ̀kánkán yẹn ńkọ́? Mélòó ni wọ́n pè?"

"Ọgọ́ta ni wọ́n pè, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọgọ́ta! Kí àwọn yẹn tó ní ọgọ́ta, wọ́n á ka ewúrẹ́ mọ́ ọn. Kọ àádọ́rin."

Gbogbo àgbà tó wà níjòkòó ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó yanu. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í já àgbà nírọ́ lójú àlejò. Ká má sì purọ́, orí gbogbo wọn ti wú. Àní èmi tí mo wà lẹ́yìn ilé, tí mò ń ro aró, inú mi dùn díẹ̀ pé a ti fẹ̀yìn àwọn ará ọ̀kánkán balẹ̀.

Akọ̀wé wá ní kí wọ́n pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ẹ̀tẹ́ dé nìyẹn, àṣé n kò mọ Bàbá. Ọmọ ilé wa kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn alùfáà sọ ọ́, ó ní èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í, ó sì lè ní èyí tí bàbá àgbà fún un. Bàbá sọ ẹnì kan di méjì, ó sọ òmíràn di mẹ́ta. Ó pe àwọn tó ti lọ sílẹ̀ Gáná tí wọn ò padà wá, ó pe òkú méjì kan tó fẹ́ràn. Ọkọ mi wọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ ìsìláàmù rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan, oríkì rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ nìkan ń pè é jẹ́ ẹlòmíràn. Akọ̀wé ń kọ, kò gbórí sókè.

Nígbà tó kan Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì, akọ̀wé ní ìjọba ti sọ pé ẹni tí owó ń wọlé fún dáadáa gbọ́dọ̀ san ju ti àwọn yòókù lọ.

"Ta ló lówó?" ni Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì wí, ó ń wò yí ká bí ẹni tó ń wá a. "Ilé yìí? Ti ẹbí ni. Kòkó? Ti ìyá mi ni."

Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé tálákà ni. Nígbà tí oòrùn mú, tálákà yìí mú akọ̀wé gòkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n jẹ adìẹ odidi kan, wọ́n sì sọ egungun rẹ̀ gba ojú fèrèsé sí wa nísàlẹ̀. Bàbá ní ká se sàárà fún ọlá tó wọlé. Èmi ni mo lọ ata.

Ọlá náà kò pẹ́ kó tó fi ojú hàn. Akódà padà wá pẹ̀lú ìwé: ṣílè mẹ́fà lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, àádọ́rin ọkùnrin, pọ́n-ùn mọ́kànlélógún. Bàbá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa fi òun joyè. Akódà rò pé ó ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé ní ojúde. Ìpín tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ni pé kí ogójì tó wà láàyè gbé ọgbọ̀n tí kò sí pín dọ́gbadọ́gba, kí olúkúlùkù fi ṣílè mẹ́rin àti sísì, ìyẹn ìdajì ṣílè, kún mẹ́fà tirẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá àti sísì! Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dìde. Ó ní ṣé kò ní dára kí ẹni tó ní jù gbé jù.

Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì gbé ọwọ́ sókè. "Àbúrò mi, orí kan ò ju orí kan lọ. Ọlọ́run ò dá ẹnì kan ní olórí méjì. Ohun tí mo bá san, kí ìwọ náà san án, ìdọ́gba nìyẹn."

Àwọn èèyàn mi orí. Èmi nìkan ni mo rántí pé nígbà tí wọ́n ń pín ẹran iléyá ọdún tó kọjá, tí ó gbé itan kan àti ìdajì lọ, ohun tí ó sọ ni pé ìka ò dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára àwọn olówó nìyẹn: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ẹran, ìka ò dọ́gba, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ẹrù, orí ò ju orí. Òwe méjèèjì wà lápò wọn, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fa èyí tó yẹ yọ.

Òun náà ló mú ọgbọ́n kejì wá. "Ọgbọ̀n èèyàn tí kò sí, kí ló le nínú kí wọ́n kú? Ẹ jẹ́ kí Bàbá lọ sí kóòtù ní Bẹẹrẹ lọ kéde wọn lókùú."

Inú gbogbo wọn dùn, àfi ìyá ọkọ mi. Ó jáde láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní oríkì ọmọ òun wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ pa, kí wọ́n yọ ọ́. Bàbá bẹ̀ ẹ́, ó ní bí òun bá yọ ẹnì kan, ọgbọ̀n ò ní pé mọ́. Ìyá náà sunkún bọ́ sílé. Èmi fọwọ́ rà á lẹ́yìn, mo ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, ẹnu kì í pa èèyàn. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní.

Bàbá lọ sí Bẹẹrẹ. Akọ̀wé kóòtù bi í léèrè ohun tó pa ọgbọ̀n ọkùnrin nílé kan ṣoṣo láàárín oṣù díẹ̀. Bàbá kò ti ronú débẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ni." Akọ̀wé ní òun mọ̀ pé Ọlọ́run ni, àmọ́ àrùn wo ni Ọlọ́run lò? Bàbá ní ó kàn ń mú wọn lójijì ni, ẹni tó jẹun láàárọ̀ á kú lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe sọ fún wa, akọ̀wé fa àga sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wolé-wolé dé, mẹ́fà, wọ́n fi aṣọ dí imú. Wọ́n ta okùn dí ẹnu ọ̀nà, akódà jókòó tì í, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jáde títí wọ́n á fi mọ àrùn tó ń pa wá. Wọ́n bèèrè ibi tí a sin òkú sí. Bí Bàbá bá ní inú iyàrá ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìjọba ti fòfin dè é. Bí ó bá ní ìta ni, wọ́n á ní kó mú wọn débẹ̀. Bàbá ní orí ń fọ́ òun. Ni wolé-wolé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn náà tún ti mú ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí ẹ̀yìn ilé. Ìkòkò aró márùn-ún ni mo ní, mẹ́ta ti gbó dáadáa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé aró tí kò bá rùn kò tíì ṣe é rẹ òwú. Wolé-wolé ṣí ìdérí ìkòkò kìíní, ó fò sẹ́yìn, ó pariwo pé àwọn ti rí orísun àrùn. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní aró ni, wọ́n dà á nù. Gbogbo márààrún ni wọ́n dà nù. Omi náà ṣàn gba ojúde lọ títí dé ọ̀nà Ọjà'ba, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ àdúgbò sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí bàbá tó bí mi kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wà lẹ́yìn okùn. Aṣọ tí ọkọ mi hun fún ìyàwó ojú ọ̀nà kan jókòó sílé, ìyàwó náà ra aṣọ òyìnbó ṣe ìgbéyàwó. Ẹ ò ní béèrè ọwọ́ ẹni tó ti rà á. Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ògùnpa lọ́jọ́ tí wọ́n ta okùn, ó gbọ́ pé àrùn wà nílé, ó sì fi ìfẹ́ ìdílé dúró sọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá jáde sí ẹnu okùn, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ òyìnbó. Kò sẹ́ni tó kú. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó lè kú."

Wọ́n mú un lọ síwájú ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ sọ èdè rẹ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé òyìnbó kí gbogbo ilé wa kú ewu àjíǹde. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àádọ́rin ló máa wà nínú ìwé títí di ọdún tí wọ́n á tún kà wá, kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa tún kú láìjẹ́ pé kóòtù gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún pe ìpàdé. Ọkọ mi tún dìde, ikọ́ díẹ̀ ti wà lọ́fun rẹ̀. Ó ní aró ìyàwó òun ti dànù, aṣọ òun ò tà, ọ̀pọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé, kí ẹni tí nǹkan ò bà jẹ́ fún gbé ti ọgbọ̀n tí kò sí yìí lọ́dún yìí nìkan.

Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì dáhùn pẹ̀lú sùúrù, ohùn rẹ̀ tutù. "Ayé òmìnira la wà báyìí. Láyé àtijọ́, alágbára á kàn wọlé, á kó ohun olóhun lọ. Ìyẹn ti tán. Bí mo bá bá yín san án, mo ti kọ́ yín ní ọ̀lẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn yín. Bí ẹ bá sì gba owó lọ́wọ́ mi tán, ta ló máa gbà yín síṣẹ́? Kòkó mi ti pọ́n. Ẹni tí kò bá ní, kó wá ká a, màá sanwó. N ò fipá mú ẹnikẹ́ni o."

Háà, wọ́n mi orí! Àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ ló ń mì í jù. Mo rò pé olúkúlùkù wọn ti ń rí ara rẹ̀ lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá yọ òun lẹ́nu nígbà tí òun bá débẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ tí kòkó yẹn wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ṣe bí tiwa náà ni?"

Bàbá wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ náà kò tíì pé títí di bí mo ṣe ń sọ èyí.

Wọn kì í ka obìnrin nínú owó orí n'Íbàdàn. Olówó orí mi là ń pe ọkọ, kò sẹ́ni tó rò pé àwa náà á wá owó orí fún un. Mo ní kí n ta aṣọ ìgbéyàwó mi. Ọkọ mi kọ̀, ó ní òun ló hun ún, òun ò ní jẹ́ kí n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní kò ní ju oṣù kan ààbọ̀ lọ. Ó ki ọ̀kọ̀ òfì rẹ̀, igi kékeré tó fi ń ju òwú, bọ àpò, ó ní kí ọwọ́ òun má baà gbàgbé, ó sì gba ọ̀nà oko lọ láàárín òjò àrọ̀kúrò. Inú bí mi sí Bàbá, ó bí mi sí òyìnbó, ó bí mi sí olówó, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti yọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àádọ́rin.

Ó padà dé pẹ̀lú ṣílè mẹ́wàá àti sísì géérégé, àti ikọ́ tí kò jẹ́ kó sùn. Ó san án. Kò lè jókòó sídìí òfì mọ́, bó bá ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró mí. Kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, ó kú. A sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìkòkò aró mi wà. Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì mú àgbò kan wá, ó ní kí n mú sùúrù, ikú ò mọ olówó, kò mọ tálákà, gbogbo wa la dọ́gba níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kúkú fẹ́ràn ìdọ́gba.

Nígbà tí owó orí ọdún kejì dé, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Kò lè wojú mi. Ó ní ìpín ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀, àfi bí kóòtù bá yọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ì bá lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè kéde ikú ní Bẹẹrẹ mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi òun rín. Mo di owó aró tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mọ́ etí ìró, mo lọ.

Akọ̀wé tó fa àga sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ Bàbá náà ni mo bá. Mo sọ orúkọ ilé wa, ó ṣíwèé, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá o! Ilé àádọ́rin tún ti dé! Ta ló tún kú?"

"Ọkọ mi ni, ẹni tó ń hun òfì."

"Èwo nínú wọn? Ó pé méjì níbí."

Mo ní òun kan náà ni, òkú kan ṣoṣo ni, mo ní ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, lẹ́bàá aró mi. Akọ̀wé nu ojú. Ó ní, "Ìyá, ó dáa. Ká rán wolé-wolé wá wò ó?"

Mo ronú kan àwọn ìkòkò tuntun mi, méjì péré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Mo tú etí ìró mi. Ṣílè mẹ́wàá àti sísì: mẹ́fà fún òkú, ìyókù fún ìpín òkú nínú owó àwọn tí a kò bí rí. Ọkọ-mi-Onípẹ́tẹ́ẹ̀sì san ṣílè mẹ́wàá àti sísì lọ́dún yẹn náà. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sórí ìwé owó orí kékeré kan, ó kọ orúkọ ọkọ mi sí i, ó nà án sí mi.

Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi jókòó sí ìdí òfì tó ṣófo. Ó bi mí pé kí ni wọ́n wí ní Bẹẹrẹ.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní kò tíì kú."

Ó wo ìwé náà títí, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé kà. Lẹ́yìn náà ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.